Orí Kẹfà: Èèkù Ọ̀pá Ìwọ̀ Láti Inú Igi, Awọ àti Òwú

Èèkù ni apá ìdí ọ̀pá ìwọ̀ tí ọwọ́ apẹja ń dì mú. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀pá yọ̀ bọ́ nígbà tí ọwọ́ bá tutù tàbí tí omi ara ẹja bá ta sí i. Ó gbọdọ̀ máa gbé ìgbọ̀nrìrì okùn wá sọ́wọ́, kí apẹja lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ẹja bá fẹnu kan ìdẹ. Ó sì gbọdọ̀ mú kí ọ̀pá dúró déédéé lọ́wọ́, kí orí rẹ̀ má fi wúwo ju ìdí lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá tí ilé iṣẹ́ ń tà ló ní èèkù fóòmù tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kò dọ́gba: èyí tó kún ọwọ́ géńdé dáadáa ti sanra jù fún ọmọdé, èyí tó sì bá ọmọdé mu yóò mú kí iṣan ọwọ́ àgbàlagbà máa ro kí ọjọ́ tó rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ọ̀pá fún ara wọn, tàbí fún oníbàárà tó mọ ohun tó ń fẹ́, fi máa ń gbẹ́ èèkù mìíràn sí i láti inú igi, kọ́ọ̀kì, awọ, òwú tàbí ìwo.

Ouagadougou, olú ìlú Bùrkínà Fasò, ni orí yìí fi ṣe àpẹẹrẹ. Orílẹ̀-èdè náà kò ní etíkun, àmọ́ adágún omi tí wọ́n fi dáàmù ṣe níbẹ̀ lé ní 1,000. Mẹ́ta wà nínú Ouagadougou fúnra rẹ̀, ní ìhà àríwá ìlú, nítòsí àdúgbò Tanghin àti ọgbà igbó Bangr-Weoogo. Dáàmù Loumbila, tí wọ́n kọ́ ní 1947, kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà sí ìlú. Àwọn omi ńlá, Kompienga àti Bagré, jìnnà díẹ̀ sí ìhà ìlà oòrùn àti gúúsù ìlà oòrùn; òpin àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n kọ́ wọn parí. Àrọ̀ àti ẹpìyà wọ́pọ̀ nínú omi wọ̀nyí, ẹja ńlá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní capitaine sì wà ní Bagré àti Kompienga. Ẹpìyà kì í yọ èèkù lẹ́nu. Àrọ̀ tó bá tóbi, ní tirẹ̀, máa ń lọ́ ara rẹ̀ mọ́ okùn, á máa fa ọ̀pá sọ́tùn-ún sósì, ìgbà náà ni apẹja ń mọ̀ bóyá èèkù ọwọ́ òun dára.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò ṣàjèjì sí ìlú náà. SIAO, ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ń wáyé níbẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Ní 2000 ni Village Artisanal ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníṣẹ́ awọ, igi, idẹ àti aṣọ. Gbogbo ohun tí èèkù ń fẹ́ ló wà nínú ìlú kan náà. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni ojú ọjọ́, nítorí náà ojú ọjọ́ ni ẹ̀kọ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀.

Ojú ọjọ́ àti gbígbẹ igi

Ohun tó ń ba èèkù onígi jẹ́ ní Ouagadougou ju ohun gbogbo lọ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọyẹ́ àti òjò. Láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ débi pé ètè ń là. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bí 25 nínú 100, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ, tí òjò bá ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ó lè ga dé 80. Igi ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń dá a padà. Nínú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 25 nínú 100, omi tó máa dúró sínú igi kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ náà. Nínú èyí tó jẹ́ 80, ó máa tó 15 tàbí 16. Bí omi bá ṣe ń wọlé ni igi ń wú, bó bá sì ṣe ń jáde ni igi ń sún kì.

Igi kì í sún kì bákan náà níhà gbogbo. Ní òró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Láti àárín rẹ̀ sí èèpo, ó ń sún kì níwọ̀nba. Ní yíyípo, lójú ọ̀nà tí àwọn òrùka inú igi gbà, ó ń sún kì tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Èèkù tó nípọn ní 30 mìlímítà, tí wọ́n gbẹ́ nínú oṣù Kẹjọ, lè fi nǹkan bí 0.8 mìlímítà tín-ín-rín sí i ní ìhà kan tí ọyẹ́ bá dé, kí ìhà kejì má sì dín ju ìdajì ìyẹn lọ. Ohun tó rí roboto tẹ́lẹ̀ yóò wá gùn díẹ̀ bí ẹyin. Èyí nìkan kò burú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pá inú rẹ̀, bó bá jẹ́ ti gíláàsì tàbí kábọ̀n, kì í bá igi sún kì. Igi á máa fún ọ̀pá mọ́ra, á máa fún un mọ́ra, títí yóò fi là. Ẹnu èèkù, níbi tí wọ́n ti gé igi ní ìdábùú, ni ìlà náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde jù.

Ọ̀nà àbáyọ rọrùn, àmọ́ ó gba sùúrù. Kí wọ́n la igi sí òpó kéékèèké tó fẹ̀ ní nǹkan bí 40 mìlímítà lọ́nà méjèèjì, kí wọ́n gé e ní 25 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n sì fi ìda oyin gbígbóná kun ojú méjèèjì tí wọ́n gé, kí omi má baà yára gba ibẹ̀ jáde. Ibi tí oòrùn kò ti lè pa á, tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, ni kí wọ́n tò ó sí, kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Kí wọ́n máa wọn ìwúwo rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sára igi náà. Nígbà tí ìwúwo náà bá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, igi ti gbẹ dé ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbẹ ẹ́ dé. Èyí tí wọ́n bá tò nínú oṣù Kẹwàá, tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, máa ń ṣeé gbẹ́ ní oṣù Kejì tàbí Ẹkẹta. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Igi tí wọ́n gbẹ́ nígbà tó gbẹ jù kò tún ní ibi tó máa sún kì sí; bí òjò bá dé, wíwú ló kàn, ihò inú rẹ̀ á sì fẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ dípò kó fún ọ̀pá lọ́rùn. Oṣù tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe é lọ, àìmọ èyí ló sì ń ba ọ̀pọ̀ èèkù tó rẹwà jẹ́.

Yíyan igi

Ìwúwo ni ohun àkọ́kọ́ láti gbé yẹ̀ wò. Èèkù tó gùn ní 18 sẹ̀ǹtímítà, tó nípọn ní 30 mìlímítà, tí ihò inú rẹ̀ sì jẹ́ 10 mìlímítà, gba nǹkan bí 113 sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì igi. Bó bá jẹ́ kọ́ọ̀kì, yóò wọn nǹkan bí gíráàmù 20. Bó bá jẹ́ igi àràbà, nǹkan bí 35. Bó bá jẹ́ ọ̀gánwó tó gbẹ dáadáa, nǹkan bí 85. Kósò lè sún mọ́ 100. Ìyàtọ̀ gíráàmù 80 kò jọ nǹkan lórí òṣùwọ̀n, àmọ́ ẹni tó ń na ọ̀pá fẹ́ẹ́rẹ́ sójú omi láti àárọ̀ dọ̀sán yóò mọ̀ ọ́n ní ìgúnpá. Ọ̀pá tó gùn, tí orí rẹ̀ ń wá sílẹ̀ ṣáá, ni igi wíwúwo ń ṣe lóore: bí ìwúwo náà bá wà lẹ́yìn ọwọ́, á gbé orí ọ̀pá sókè.

Ọ̀gánwó wà káàkiri Ouagadougou. Wọ́n gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti ayé àwọn Faransé, dóńgóyárò sì wà nínú agboolé àti lójú pópó. Nígbà tí ìjì bá wó ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí wọ́n bá gé ẹ̀ka rẹ̀ kúrò lójú wáyà iná, ẹ̀ka tó nípọn bí itan lè fúnni ní èèkù mẹ́fà tàbí méje. Kí wọ́n ṣá rí i pé àárín gbùngbùn ẹ̀ka náà kò sí nínú òpó kankan, torí igi tó bá gbé àárín rẹ̀ dání kò ní ṣàì là. Dóńgóyárò ní òórùn kíkorò nígbà tí ayùn bá ń jẹ ẹ́, àmọ́ ó ń gbà dídán, kòkòrò ajẹgi kì í sì í tètè fojú sí i. Àràbà ni tirẹ̀ fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́, abájọ tó fi jẹ́ pé òun ni àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Bùrkínà máa ń fi gbẹ́ egúngún onígi tí wọ́n ń dé sórí. Àléébù rẹ̀ ni pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, èékánná sì lè há a. Èèkù àràbà gbọdọ̀ gba awọ tàbí òwú lé e lórí.

Àwọn igi kan wà tí ó yẹ kí ọwọ́ kúrò lára wọn. Igi òrí àti igi irú ń bọ́ ilé, ń bọ́ oko; kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gé wọn nítorí èèkù. Kósò wọ inú ìwé ìdáàbòbò CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ní 2017; ìpàdé CITES tó wáyé ní Panama ní 2022 sì fi ọ̀gánwó àti apá ilẹ̀ Áfíríkà kún un, tó fi jẹ́ pé gbígbé pákó wọn kọjá ẹnubodè gba ìwé àṣẹ. Èyí kò dí oníṣẹ́ èèkù lọ́wọ́. Èèkù kò gbà ju igi tó gùn ní 20 sẹ̀ǹtímítà, ègé tí káfíńtà sì ń kó dà síná lẹ́yìn tó bá ṣe ìbùsùn tàbí ilẹ̀kùn tán ti tó o. Ó dára kí ẹni tó ń rẹ́ kósò tàbí apá fi aṣọ bo imú, nítorí ìyẹ̀fun igi méjèèjì máa ń bí ọ̀nà ọ̀fun nínú. Eyín erin kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: láti 1989 ni òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè ti di èèwọ̀. Ìwo màlúù tó wà nílé ìpẹran tó fún ẹni tó bá fẹ́ fi òrùka funfun tàbí dúdú ṣe ẹnu èèkù lọ́ṣọ̀ọ́. Omi híhó máa ń mú un rọ̀, á sì ṣeé tẹ́ kó tó tutù.

Kọ́ọ̀kì

Kọ́ọ̀kì ni ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọ̀pá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń lò. Èèpo igi kan ni, tó ń hù ní ìhà ìwọ̀ oòrùn òkun Mẹditaréníà: Pọ́túgàl, Spéènì, Mòrókò, Àlùgẹ́ríà àti Tùnísíà. Pọ́túgàl nìkan ń pèsè nǹkan bí ìdajì èyí tí gbogbo ayé ń lò. Igi náà máa ń tó nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó bó o fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n ń bó o, igi kì í sì í kú. Afẹ́fẹ́ ló kún inú kọ́ọ̀kì, ìyẹn ló fi fúyẹ́, tí kì í fi mu omi, tí kì í sì í tutù lọ́wọ́ lóòórọ̀ ọyẹ́. Ó tún ní ànfààní kan tí igi kò ní: bó bá fẹ́ sún kì, ara rẹ̀ máa ń rọ̀ tẹ̀lé ọ̀pá, kì í là.

Igi kọ́ọ̀kì kì í hù ní Bùrkínà Fasò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé ìgò wáìnì, tí ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ń dànù. Èyí tí wọ́n gé láti inú èèpo odidi ló wúlò. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rún kọ́ọ̀kì lẹ̀ pọ̀ máa ń ya bọ́ǹbọ́ǹ bí sáńpépà bá kàn án. Kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì nípọn ní nǹkan bí 24 mìlímítà, ó sì gùn ní nǹkan bí 4 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọwọ́ géńdé, ṣùgbọ́n ó tó fún ọ̀pá ọmọdé tàbí fún ìsàlẹ̀ tí wọ́n máa fi awọ wé. Márùn-ún tí wọ́n lu ihò sí láàárín, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra ní ìdí sí ìdí, ti di èèkù kan.

Lílu ihò àti gbígbẹ́

Òfin kan wà tí kò ní àyàfi: ihò ni kí wọ́n kọ́kọ́ lu, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbẹ́ ara. Ihò tó bá wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì ṣeé tún ṣe bí ara igi bá ṣì ní igun mẹ́rin, nítorí wọ́n lè gbẹ́ ara tẹ̀lé ihò. Bí ara bá ti rí roboto, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó ní dìríìlì lè lu igi láti orí méjèèjì kí ihò náà pàdé láàárín. Ẹni tí kò ní in yóò la òpó sí méjì ní òró, yóò fi ìgbẹ́ ẹlẹ́nu roboto ya kòtò sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì lẹ̀ wọ́n padà mọ́ ọ̀pá. Bí wọ́n bá fi ojú tí wọ́n là náà lẹ̀ ẹ́ padà láìfi rándà kàn án, ojú ìlà náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n gé igi sí òrùka tó nípọn ní nǹkan bí 12 mìlímítà, kí wọ́n lu ihò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá tò wọ́n pọ̀. Igi dúdú àti igi pupa tí wọ́n bá tò bẹ́ẹ̀ máa ń rẹwà.

Ọ̀pá kì í nípọn bákan náà láti ìdí dé orí, nítorí náà ihò náà kò gbọdọ̀ dọ́gba. Irinṣẹ́ tó dára jù fún èyí kò ní owó lórí: kí wọ́n wá ègé ọ̀pá ìwọ̀ tó ti ṣẹ́, kí wọ́n lẹ sáńpépà gbọọrọ mọ́ ọn ní wíwé, kí wọ́n sì máa yí i nínú ihò. Bí ègé ọ̀pá náà ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ ni ihò á ṣe máa tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Kí wọ́n máa ti ọ̀pá tuntun wọ̀ ọ́ wò lóòrèkóòrè. Ó yẹ kí èèkù wọ ọ̀pá láìjẹ́ pé wọ́n fi agbára tì í, kí àyè gọ́ọ̀mù tín-ín-rín sì ṣẹ́kù yíká. Bí àyè bá pọ̀ jù, òwú tí wọ́n wé mọ́ ọ̀pá níbi méjì tàbí mẹ́ta á dí i.

Gọ́ọ̀mù epoxy, èyí tí wọ́n ń po méjì pọ̀ tí ọjà mọ̀ sí Araldite, ló yẹ iṣẹ́ yìí. Gọ́ọ̀mù igi akasíà ilẹ̀ Sàhẹ́lì àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń sè láti inú awọ ẹran dára fún iṣẹ́ mìíràn, àmọ́ omi ń tú wọn. Kí wọ́n fi sáńpépà pa dídán ara ọ̀pá rẹ́, kí wọ́n sì fi sípíríìtì nù ún kí gọ́ọ̀mù tó kàn án. Ooru Ouagadougou máa ń kọjá 40 dígírì nínú oṣù Kẹrin, gọ́ọ̀mù epoxy sì máa ń yára gan tó ìlọ́po méjì bí ooru bá fi dígírì 10 gòkè. Èyí tó máa ń gan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní jẹ́ kí ènìyàn rí ààyè tún un tò. Èyí tó ń gba wákàtí 24 ni kí wọ́n lò, kó sì jẹ́ àárọ̀ kùtù.

Ẹ̀rọ tí ń yí igi máa ń yára, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà lè ṣe é. Bí òpó bá fẹ̀ ní 32 mìlímítà, kí wọ́n fa ìlà sí 9.4 mìlímítà láti etí kọ̀ọ̀kan lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n sì fi rándà gbẹ́ igun mẹ́rin náà dé ojú ìlà. Òpó á di onígun mẹ́jọ tó dọ́gba. Kí wọ́n tún gbẹ́ igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó di mẹ́rìndínlógún, nígbà náà ni sáńpépà á sọ ọ́ di roboto. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹni tó máa lò ó ló yẹ kó máa darí iṣẹ́. Kí ó dì í mú: bí orí ìka àárín bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí àtàńpàkò, ó ti tó. Bí ìka bá gùn wọ àtẹ́lẹwọ́, ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù; bí àlàfo ńlá bá wà láàárín wọn, ó ṣì sanra. Kí wọ́n dín igi níbi tí ìka ìtọ́ka ń sinmi sí, kí ìdí èèkù sì yọ díẹ̀ kí ọ̀pá má baà yọ̀ bọ́. Sáńpépà 80 ni ìbẹ̀rẹ̀, 120 àti 220 tẹ̀lé e. Èèkù tí wọ́n bá fi 600 dán yóò dà bíi dígí, yóò sì máa yọ̀ lọ́wọ́ tí omi bá kàn án. Ó sàn kí iṣẹ́ dúró ní 320.

Òróró tí wọ́n máa fi pa á ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Òrí wà lárọ̀ọ́wọ́tó gbogbo ilé ní Ouagadougou, ó sì ń wu ènìyàn láti fi pa igi. Àmọ́ òrí kì í gan. Bí ọdún bá yí po, yóò ṣì máa lẹ̀ lọ́wọ́, yóò máa gba eruku mọ́ra, ooru á sì máa yọ́ ọ. Òróró tó máa ń gan nínú afẹ́fẹ́, bí òróró lìnsíìdì tí àwọn ayàwòrán ń lò, ló yẹ igi: ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta, kí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta wà láàárín wọn, kí wọ́n sì fi ìda oyin díẹ̀ parí rẹ̀.

Awọ

Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi èso igi booni ṣe ni ó bá iṣẹ́ yìí mu jù. Èròjà inú èso náà, tí í ṣe tánnìn, ń so mọ́ awọ, kì í jẹ́ kí ó rà. Awọ tí kò gba èso yìí kọjá le koko bó bá gbẹ, èyí ló fi dára fún ojú ìlù. Bó bá kan omi, á rọ̀, á yọ̀, kò sì ní pẹ́ rùn. Kò yẹ kó débi èèkù ọ̀pá ìwọ̀.

Èèkù tó nípọn ní 30 mìlímítà gba nǹkan bí 94 mìlímítà awọ ní yíyípo. Bí ọ̀já awọ bá fẹ̀ ní 12 mìlímítà, tí etí rẹ̀ gun ara wọn ní 2, ìyípo méjìdínlógún ni yóò bo 18 sẹ̀ǹtímítà, ọ̀já náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì pẹ̀lú èyí tí wọ́n máa fi bọ etí. Kò pọn dandan kí wọ́n wá awọ tó gùn bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n gé awọ roboto tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti etí, kí ọ̀bẹ sì máa yí po wọ inú. Ọ̀já kan ṣoṣo ni yóò jáde. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ mímú fá etí ọ̀já náà láti ẹ̀yìn kó lè tẹ́ẹ́rẹ́, kí ibi tó gun ara wọn má baà yọ gọ́ngọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn óò rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, wọn óò fún omi rẹ̀ dànù, wọn óò fi gọ́ọ̀mù tín-ín-rín pa ara igi, wọn óò sì wé e láti ìdí lọ sí orí, kí ọwọ́ má dẹ̀. Bí awọ bá ń gbẹ, á fún mọ́ igi. Kò gbọdọ̀ gbẹ lójú oòrùn.

Àwọ̀ pupa tí àwọn oníṣẹ́ awọ máa ń yọ láti inú èèpo ọkà bàbà rẹwà, àmọ́ ó máa ń jáde sọ́wọ́ tí omi bá kàn án. Awọ tí kò ní àró, tí ọwọ́ àti òógùn máa sọ di aláwọ̀ ilẹ̀ fúnra wọn, ló sàn fún apẹja. Òrí ní àyè tirẹ̀ níbí: ìwọ̀nba díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kì í jẹ́ kí awọ sán nígbà ọyẹ́.

Òwú àti okùn ìgbẹ́

Apẹja tó ń lo ọ̀pá oparun lásán kò nílò ihò tàbí gọ́ọ̀mù púpọ̀. Òwú tí wọ́n wé mọ́ ìdí oparun náà ti tó. Òwú kò wọ́n ní Bùrkínà Fasò, ilẹ̀ tó ń gbin òwú púpọ̀, tó sì fi aṣọ òfì Faso Dan Fani yangàn. Òwú tí wọ́n lọ́ ní mẹ́ta sí mẹ́rin dára ju ẹyọ kan lọ, torí ojú rẹ̀ tó yọ gọ́ngọ́gọ́ngọ́ ló ń di ọwọ́ mú.

Kí wọ́n na orí òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ní òró, kí wọ́n wá máa wé ìyókù lé e lórí, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan fara ti èkejì. Lẹ́yìn ìyípo mẹ́wàá, orí náà kò lè jáde mọ́. Nígbà tó bá ku nǹkan bí 1 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n ká okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn sí méjì, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọ̀pá kí ojóbó rẹ̀ kọjú síbi tí wíwé ń lọ, kí wọ́n sì wé òwú lé e títí dé òpin. Wọn óò ki ìdí òwú bọ ojóbó náà, wọn óò fa ẹsẹ̀ méjèèjì okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, òwú á sì wọ abẹ́ ara rẹ̀. Kò sí kókó tó máa ha ọwọ́. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà so òrùka okùn mọ́ ọ̀pá ìwọ̀ jákèjádò ayé. Ní Japan, pankẹ́rẹ́ pẹlẹbẹ ni àwọn oníṣẹ́ ọ̀pá kan ń wé mọ́ èèkù dípò òwú.

Okùn ìgbẹ́ náà wúlò. Èèpo àbàfẹ̀ àti ti igi oṣè ń fúnni ní okùn tó le. Ara ọ̀pá bọmubọmu ní fọ́nrán tó dán, tó sì le tó èyí tí àwọn apẹja àtijọ́ fi ṣe okùn ìwọ̀ àti àwọ̀n. Ẹni tó bá ń bó bọmubọmu gbọdọ̀ ṣọ́ra gidigidi: oje funfun rẹ̀ lè ba ojú jẹ́, nítorí náà kí ó jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ gbẹ kó tó bó o, kí ó má sì fọwọ́ kan ojú títí yóò fi fọ ọwọ́.

Ìdí idẹ

Ọ̀pá tí orí rẹ̀ wúwo lè gba ìdè idẹ ní ìdí. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Ouagadougou, tí àdúgbò wọn àtijọ́ ń jẹ́ Niogsin, ń fi ìda oyin mọ àpẹẹrẹ ohun tí wọ́n fẹ́ rọ, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà jáde, wọ́n á sì da idẹ sí àyè rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe èèkù lè fi ìda mọ ìdè tirẹ̀ sórí ìdí èèkù gan-an kó tó gbé e fún wọn, kó jẹ́ kó nípọn díẹ̀ sí i, nítorí idẹ máa ń sún kì bó bá ń tutù. Kó tó ṣe é, kí ó fi ọ̀já so kọ́bọ̀ tàbí òjé mọ́ ìdí ọ̀pá, kí ó máa fi kún un títí ọ̀pá yóò fi dúró gbọọrọ lórí ìka kan níbi tí ọwọ́ ń dì mú. Ìwúwo yẹn ni idẹ náà gbọdọ̀ ní.

Ìtọ́jú

Omi tútù àti kànrìnkàn tó láti fọ èèkù lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ lójú oòrùn ni ibi tó burú jù láti gbé ọ̀pá sí: gọ́ọ̀mù epoxy tó ti gan máa ń tún rọ̀ nínú ooru bẹ́ẹ̀, awọ á sì máa sún kúrò láyè rẹ̀. Ojú kọ́ọ̀kì tó bá ṣí kòtò ṣeé fi ìyẹ̀fun kọ́ọ̀kì tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù dí. Òwú tó bá tú ṣeé tún wé. Èèkù onígi tí ìlà rẹ̀ kò tíì kan ọ̀pá ṣeé fi gọ́ọ̀mù ṣíṣàn kún, kí wọ́n sì fi okùn dì í títí yóò fi gbẹ. Èyí tí ìlà rẹ̀ bá ti dé ara ọ̀pá kò ní àtúnṣe: kí wọ́n fi ọ̀bẹ là á ní òró kúrò lára ọ̀pá, kí wọ́n fá gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù, kí wọ́n sì gbẹ́ òmíràn nígbà ọyẹ́.